Ìbọn kan, èjìká méjì

Èjìká ọ̀tún mi yìí, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, ó máa ń rán mi létí nǹkan tí mo ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá mi wà lọ́jà, Bàámi wà lóko, ọ̀kẹ́rẹ́ kan wá ń fò kiri lórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa n'Íkọ̀lé, ó ń ṣe bí ẹni pé ó mọ̀ pé kò sí ọdẹ nílé. Mo wọ yàrá Bàámi, mo gbé ṣakabùlà. Ìbọn yẹn gùn jù mí lọ nígbà náà o. Mo gbé ìdí ẹ̀ ti èjìká, ọwọ́ mi ò tó ibi tí wọ́n ti ń fà á, mo tún gbé e kúrò léjìká díẹ̀ kí ìka mi lè débẹ̀, mo ṣáà fà á. Nígbà tí mo máa la ojú, àárín ata tí ìyá mi sá sílẹ̀ ni mo wà, etí mi ń hó, èjìká mi ń ṣe bí ẹni pé màlúù ta á nípàá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ kánjú lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kì í ṣe Bàámi ló ki ìbọn yẹn sílẹ̀, àbúrò wọn ni. Àwọn méjèèjì ló jọ dá owó rà á lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ẹni yìí á gbé e lónìí, ẹni yẹn á gbé e lọ́la, àjọni ni. Bàámi rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀tù tí wọ́n máa ń wọ̀n sí i ò pọ̀. Bàbá kékeré ní tiwọn, ọkùnrin gìdìgbà bí àpáta Olósùnta, tiwọn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, wọ́n ní ìbọn tí kò bá dún dáadáa ń fi ọdẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òṣùwọ̀n ọkùnrin gìdìgbà yẹn lèmi ọmọdé gbé ka èjìká.

Látọjọ́ náà, tí mo bá gbé ìbọn, ojú mi á ti dì kí ìka mi tó fà á. Mi ò lè mú un kúrò. Mo ti dàgbà, mo ti bí ọmọ, mo ti bá àwọn ọdẹ jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan, síbẹ̀ ara mi ṣì máa ń sá fún ìbọn kí ìbọn tó ṣe é ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í ṣe ọdẹ, tí mo fi di ẹni tó ń kọ nǹkan.

Kérésì tó kọjá ni àbúrò mi àti ìyàwó ẹ̀ wálé láti Alberta ní Kánádà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ ló máa gba alẹ́ wa, bí owó sìmẹ́ǹtì ṣe ń gòkè àti bírikìlà tó sá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, a jẹ iyán tán (iyán tí kò ní kókó, ẹ mọ̀ pé Èkìtì la wà), àbúrò mi yọ fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìbọn yìí." Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù. Kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe?

Ó wá ṣàlàyé. Níbi tí wọ́n ń gbé, tí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé, àwọn aládùúgbò wọn máa ń lọ dẹ ìgbẹ́, ẹran kan ṣoṣo á kún fírísà ẹni fún oṣù mélòó kan. Aládùúgbò kan ti mú wọn dání lọ́dún tó ṣáájú, ó fún wọn lẹ́ran, ìyàwó sì fi ṣe ọbẹ̀, ó ní àfi bí àgbọ̀nrín ilé gan-an. Làwọn méjèèjì bá lọ ṣe kọ́ọ̀sì ààbò, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n gba láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní PAL níbẹ̀, ẹni tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ á dúró ó kéré tán ọjọ́ 28 kí wọ́n tó fún un. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló gba tiẹ̀ o, láísẹ́ǹsì ọkọ ò ní kí ìyàwó máa dá gbé ìbọn kiri. Àmọ́ ìbọn fúnra ẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n fẹ́ rà. Ìyàwó ti là á mọ́lẹ̀ pé, "Owó ìbọn méjì kọ́ ni mo bá lọ sí Kánádà."

Bí ọ̀rọ̀ àjọni tún ṣe wọlé wa nìyẹn. Èjìká mi tètè gbọ́.

Irú ìbọn tí wọ́n ń wò ni ráífù olóbòòtù. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Ó ní bóòtù, irin kan tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó gbé ọwọ́ yẹn sókè, ẹ ó fà á sẹ́yìn, agolo ọta tẹ́ ẹ ti yìn á fò jáde, ẹ ó tì í padà síwájú, ọta tuntun á wọlé, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ti kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ ẹni ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Bàámi wo fídíò ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, "Irú èyí táwọn ọlọ́pàá ayé òyìnbó ń gbé nìyí." Wọ́n ò purọ́, torí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yìí ti pẹ́ gan-an, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Paul Mauser ló tún un ṣe dé ibi tó dára jù lọ́dún 1898, ọ̀pọ̀ tí wọ́n sì ń tà lóde òní, àwòkọ tiẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bí wọ́n tilẹ̀ pààrọ̀ eyín àti ìrù. Winchester gbé Model 70 jáde lọ́dún 1936, Remington gbé 700 jáde lọ́dún 1962, Savage 110 ti 1958 ṣì wà lọ́jà títí dòní, àwọn ará Finland náà ní Tikka. Àbúrò mi mọ gbogbo ẹ̀ lórí bí ẹni ń ka oríkì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, kíá ni mo gbé e tì. Kí n sọ òótọ́, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ yìí, èyíkéyìí tí wọ́n bá rà á yìn ín gún régé ju bí ọwọ́ àwọn méjèèjì ṣe lè yìn ín lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni kàlíbà, ìyẹn bí ihò ìbọn àti ọta tó ń gbà ṣe tóbi tó, àti ìdí ìbọn.

Kàlíbà tí àbúrò mi ti fọkàn sí ni .300 Winchester Magnum. Mo ní kí ló dé. Ó ní ẹ wo moose, ẹran tó lè tó 500 kílò, ẹ tún wo béárì, ṣé ìbọn kékeré lèèyàn máa gbé pàdé irú wọn ni? Ó ń sọ ọ́, ojú ẹ̀ ń tàn. Ó fi fídíò hàn mí, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ọrùn ẹ̀ tó ìtàn mi ló ń yìn ín, ó ní "kò gbá ènìyàn rárá". Mo yíjú sí ìyàwó. Obìnrin Ìjerò ni, kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì kan lọ, gbogbo ara ẹ̀ ò wọ̀n ju àpò ìrẹsì kan àti díẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà, kò sọ nǹkan kan. Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti yìn ín rí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo yin ti aládùúgbò wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, mo kàn di ojú ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ ojú tó dì yẹn.

Ẹ rí i, ìbọn tó bá ń ti ọta síwájú, ó gbọ́dọ̀ ti ara ẹ̀ sẹ́yìn náà, kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i. Bí ọta bá ṣe wúwo tó, bó bá ṣe yára tó, bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa gbáni léjìká tó, tí ìbọn náà bá tún wá fúyẹ́, ó burú sí i, torí kò sí ìwúwo tó máa gba díẹ̀ nínú ẹ̀. Nínú ìbọn tí ìwúwo wọn bára mu, .300 Win Mag yẹn máa ń gbáni tó ìlọ́po méjì 6.5 Creedmoor. Àwọn .270 Winchester, .308 àti .30-06 wà láàárín, .243 ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lè fara da gbogbo ẹ̀, tàbí kó máa pe ara ẹ̀ lẹ́ni tó fara dà á, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ń di ojú, wọn ò kàn ní sọ ni. Ẹni tó bá di ojú, tó ja ìbọn gbà, ọta ẹ̀ ò ní lọ sí àyà ẹran, ikùn ló máa lọ, tàbí itan, ẹran á gbé ọgbẹ́ wọgbó, ẹ ò ní rí i mọ́. Kò sí ọdẹ tí kò mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí lọ́kàn. Ìbọn ńlá tí a fi ṣe ọgbẹ́ burú ju ìbọn kékeré tí a fi dé ibi tó yẹ.

Bàámi ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí àga wọn. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ gbé ṣakabùlà jáde. Ìbọn yẹn ṣì wà o, kò yìn mọ́, wọ́n kàn ń pa á mọ́ ni. Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n yọ ọ̀pá ìkìbọn, wọ́n tì í bọnu ìbọn títí ó fi kan ìsàlẹ̀, wọ́n wo ibi tí àmì ara ọ̀pá náà dúró sí. Tí nǹkan bá wà nínú ìbọn, àmì á ga jù. Tí àmì bá bá ẹnu ìbọn dọ́gba, òfìfo ni. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀pá yẹn ò ní àmì kankan. Ọ̀sẹ̀ tí èjìká mi wú ni wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sí i, wọ́n sì bá àbúrò wọn ṣe àdéhùn níwájú Ògún pé ẹnikẹ́ni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì á kọ́kọ́ fi ọ̀pá wò ó, kódà kó jẹ́ pé ojú ẹ̀ ló ṣe yìn ín tán. Wọ́n tún ṣe àdéhùn òṣùwọ̀n. Ti Bàámi ni wọ́n mú, ti ẹni tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá kékeré bínú, wọ́n ní wọ́n ti sọ ìbọn wọn di ìbọn obìnrin, àmọ́ wọ́n gbà, ẹran ò sì dín nílé wa.

Àbúrò mi ní bóòtù ti gba wàhálà ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ ènìyàn, tí ẹ bá ti fà á sẹ́yìn, ẹ ó rí inú ẹ̀ kedere, ẹ lè ki ìka bọ̀ ọ́ wò. Òun àti ìyàwó ti fẹnu kò pé ìbọn ò ní tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì láìjẹ́ pé bóòtù wà ní ṣíṣí. Bàámi mi orí. Ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ọmọ wọn sọ tó dùn mọ́ wọn nínú.

Wọ́n wá pe ìyàwó, wọ́n ní kó ká apá. Wọ́n gbé ìdí ìbọn sí ihò ìgúnpá ẹ̀, wọ́n wo ibi tí ìka ẹ̀ dé. Kò tó ibi ìfà. Wọ́n pe àbúrò mi, tiẹ̀ kọjá ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ìjà yín ò sí níbi ọta, ibí ló wà."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ráífù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, láti ìdí ẹ̀ dé tíríígà máa ń tó ínṣì 13 àbọ̀ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọkùnrin tó ga níwọ̀nba ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹni kúkúrú tó bá gbé e, á na ọrùn, á fẹ̀yìn tì sẹ́yìn, ìdí ìbọn ò ní jókòó sínú kòtò èjìká, á bọ́ sórí apá, ibi tí tèmi bọ́ sí gan-an. Skópù (awò tí wọ́n ń dè sórí ìbọn) náà á tún dá ìṣòro sílẹ̀, torí ojú gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó bí ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ìdí ìbọn ò bá bá ara mu, ojú lè sún mọ́ ọn jù, skópù á fi etí ẹ̀ ge ìpéǹpéjú ẹni nígbà tí ìbọn bá padà sẹ́yìn. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kúrú, bí ínṣì 12 àbọ̀, tí wọ́n sì fi àwọn pélébé kan sí i tí ẹ lè dè mọ́ ìdí ẹ̀ kó gùn sí i. Mo sọ fún wọn pé irú ẹ̀ ni kí wọ́n rà. Ìbọn kúkúrú, ẹni gíga lè fi pélébé mú un gùn, tàbí kó kàn sún apá sẹ́yìn kó gbé e bẹ́ẹ̀. Èyí tó gùn jù, àfi kí ẹ gbé e fún káfíńtà kó gé e, tí wọ́n bá sì ti gé e, ó ti gé nìyẹn.

Àbúrò mi ní, "Èmi ni kí n wá máa gbé ìbọn ọmọdé?" Ìyàwó ẹ̀ dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Dádì Tómi, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń jókòó sí síìtì mọ́tò mi lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Ṣé ẹ kú?"

A rẹ́rìn-ín títí.

Ohun kan tún wà tí n kì bá tí rántí, Bàámi ló rántí. Ìyàwó yìí, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i, ìyá ẹ̀ ló fi pàṣán gbé e bọ́ sí ọ̀tún nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, torí ọwọ́ òsì ò ṣeé nà sí àgbà. Ọwọ́ bóòtù sì rèé, apá ọ̀tún ló máa ń wà. Èyí tí wọ́n ṣe sí apá òsì wà, àmọ́ ìyẹn á ti ọkọ jáde nìyẹn. Bàámi ní kí a má tíì sọ̀rọ̀ ọwọ́, ojú ni kí a wò. Wọ́n ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó fi ṣe ihò kékeré, kó wo bọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì látinú ihò náà, kó wá di ojú kọ̀ọ̀kan. Ó di ojú òsì, bọ́ọ̀bù ṣì wà. Ó di ọ̀tún, bọ́ọ̀bù sá. Ojú ọ̀tún ló ń wò jù nìyẹn. Wọ́n ní kó gbé e sí ọ̀tún, ọwọ́ á kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọdẹ ilé wa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan náà làwọn òyìnbó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Alẹ́ kẹta la tó padà sórí kàlíbà, torí ọkùnrin yìí ò tíì jọ̀wọ́ Magnum ẹ̀ tán.

Mo bi í pé báwo ni ibi tó ti fẹ́ yin ẹran ṣe jìnnà tó. Ó ní nígbà mìíràn 100 mítà, ó lè dé 200. Bàámi ní kó fi 200 mítà han àwọn. A dìde ní òru, a fi ìgbésẹ̀ wọ̀n ọ́n láti géètì wa, ó gba iwájú ilé ìjọsìn kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. Bàámi dúró, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ṣé ẹran nìwọ á rí látibí ni àbí àlá?" Gbogbo ẹran tí Bàámi pa láyé wọn, ẹtu o, ọ̀yà o, àgbọ̀nrín o, kò sí èyí tó ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ, nínú igbó kìjikìji, pẹ̀lú iná kábáàdì lórí, ojú ẹran á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí, wọ́n á yọ́ lọ títí wọ́n á fi gbọ́ èémí ẹ̀. Apá Alberta tí àbúrò mi ń sọ, pápá ló pọ̀ níbẹ̀, ẹran á ti rí ẹ kó o tó rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ráífù, tí ìbọn ọlọ́tawẹ́wẹ́ tiwa ò fi ní wúlò fún wọn.

Àmọ́ 200 mítà ò tíì tó nǹkan tí à ń torí ẹ̀ gbé Magnum. Òfin Alberta fúnra ẹ̀ ní kí ọta tí wọ́n máa fi pa ẹran ńlá má kéré sí .23 ínṣì, .243 sì ti kọjá ìyẹn. Mo wá ṣàlàyé ẹbí .308 fún Bàámi torí mo mọ̀ pé ó máa dùn mọ́ wọn. Lọ́dún 1952 ni .308 Winchester jáde. Lọ́dún 1955, wọ́n mú agolo onídẹ kan náà, wọ́n fún ọrùn ẹ̀ pinpin kó lè gba ọta kékeré, ó di .243. Lọ́dún 1980, wọ́n tún mú un, wọ́n fún ọrùn ẹ̀ níwọ̀nba, wọ́n pè é ní 7mm-08. Bàámi ní, "Ọmọ ìyá ni wọ́n." Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n lágbára, ó ń gbáni díẹ̀. Èyí tó kéré jù, .243, tutù bí omi, àmọ́ tó bá di moose, ọta ẹ̀ fúyẹ́ jù fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì dá ṣáṣá. Àárín gan-an ni èmi fẹ́ràn, 7mm-08 yẹn, ká ní èmi ni mo fẹ́ ra ìbọn, òun ni mo máa rà.

Ìyàwó ló já a. Kò bá mi jiyàn nípa agbára, ó kàn ní nígbà tí aládùúgbò ń mú àwọn lọ, àwọn yà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú kékeré lójú ọ̀nà, òun wo pẹpẹ ọta. .308 wà, .30-06 wà, .270 wà, 6.5 Creedmoor kún ibẹ̀. 7mm-08, páálí kan ṣoṣo, eruku ti bò ó. Ó ní òun ò ní ra ìbọn tí òun á máa fi íntánẹ́ẹ̀tì wá oúnjẹ fún. Mi ò rí èsì fọ̀.

Bó ṣe di 6.5 Creedmoor nìyẹn. Kàlíbà náà ò pẹ́ láyé, ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ ọta Hornady kéde ẹ̀, ọta tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀ ò ju bí gíráámù 9 lọ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, afẹ́fẹ́ ò tètè rí i dá dúró. Àbúrò mi ṣì ní moose ńkọ́. Mo ní, àwọn ará Sweden àti Norway ti ń fi 6.5 tiwọn, ti ayé àtijọ́ tó ti wà látọdún 1894, pa moose fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, agbára ẹ̀ àti ti Creedmoor ò jìnnà síra, moose ibẹ̀ ò sì tíì kọ̀wé pé òun ò kú. Ohun tó máa ń pa á ni kí ọta tó dára dé àárín ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni tó ń yìn ín sì sún mọ́ ọn tó. Ti béárì ní tiẹ̀, mo ní tó bá rí béárì, kó wọ mọ́tò.

A tún ṣe àdéhùn ọta. Oríṣi kan, ìwúwo kan, páálí kan náà ni kí wọ́n máa rà, torí tí ọkọ bá fi ọta 140 gíréènì (òṣùwọ̀n ìwúwo ọta nìyẹn) tún ojú skópù ṣe, tí ìyàwó wá gbé 120 sí i, ibi tí skópù ń wò kọ́ ni ọta á lọ mọ́, wọ́n á wá máa fẹ̀sùn kan ara wọn. Òṣùwọ̀n Bàámi náà ni, àwọ̀ ẹ̀ ló yàtọ̀. Àbúrò mi tún mú ọ̀rọ̀ irin oníhò tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn wá, tó máa ń dín gbígbá kù. Ó ń dín in kù lóòótọ́, àmọ́ ariwo ẹ̀ máa ń fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ níyà, níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ìbọn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹnì kejì tó gbé bìnọ́kúlà lọ́wọ́ ló máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. A ní kó gbàgbé ẹ̀.

Kí àwọn ọmọ ilé má tíì máa tẹ̀ mí láago o. Àbúrò mi fi ṣe àwàdà pé tí òun bá rà á, òun á gbé e wálé wá fi han Bàámi. Mo ní kó má dán an wò. Òfin ìbọn tiwa látọdún 1959 ka ráífù kàlíbà 7.62mm, 9mm àti .300 ínṣì sí ti ológun, eewọ̀ ni fún ará ìlú, 7.62 yẹn sì ni ìbejì .308. Ráífù ọdẹ tí kàlíbà ẹ̀ yàtọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ṣakabùlà pàápàá òfin ní kí ẹ gba tiẹ̀. Àwòrán ni kó fi ránṣẹ́.

Alẹ́ yẹn náà ni mo bi Bàámi léèrè ohun tí mi ò bi wọ́n rí, pé báwo ni àjọni tiwọn ṣe parí, torí nígbà tí mo máa fi lọ sí yunifásítì, Bàbá kékeré ti ní ìbọn tiwọn. Mo rò pé tèmi ló dá a sílẹ̀. Bàámi ní rárá o. Òṣùpá ni. Alẹ́ tí òṣùpá ò sí ni ẹran máa ń jẹ̀ dáadáa, òkùnkùn biribiri ni ọdẹ ń fẹ́, Bàbá kékeré sì ṣàkíyèsí pé gbogbo òru tó ṣókùnkùn, ọwọ́ Bàámi ni ìbọn máa ń wà, tí òṣùpá bá ti yọ rokoṣo, "Àbúrò, ó kàn ọ́." Odindi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi fara dà á kí wọ́n tó yarí. Bàámi ń sọ ọ́, wọn ò tijú rárá.

Àbúrò mi àti ìyàwó ẹ̀ padà, wọ́n ra ìbọn ní oṣù karùn-ún, èyí tí ìdí ẹ̀ kúrú, wọ́n sì gba pélébé méjì mọ́ ọn. Wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti pápá ìdánrawò, pẹ̀lú ìbòtí lórí àwọn méjèèjì. Bébà ìyàwó, ihò mẹ́ta tí àtẹ́lẹwọ́ mi lè bò. Bébà ọkọ fọ́n díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ìyàwó pa ẹran kan, akọ, ó ní kò tó 150 mítà, ó rìn bí ogún ìṣísẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n ti gé e sínú fírísà. Mo wo fídíò tí ọkọ ẹ̀ ká lẹ́ẹ̀marùn-ún, kì í ṣe ẹran ni mò ń wò, ojú ẹ̀ ni. Kò dì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, inú ń bí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín kó yéé fi pélébé sí ìdí ìbọn láìyọ ọ́ kúrò. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e, ó ti gùn. Ó tún ti sún skópù síwájú. Tí ó bá sì ti di Sátidé tí ojú ọjọ́ dára, á ní òun lòun kàn."

Mo gbé fóònù lọ bá Bàámi, mo ní kí wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún un ṣe, wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Sọ fún un," wọ́n ní, "kó lọ ra tiẹ̀."